Ìwo Orí Ewúrẹ́ Méjìdínlógún

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta

Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé wọlé láàárọ̀ yìí, kò kí mi dáadáa, ó ti na téèpù sílẹ̀. Ó wọn ògiri, ó wọn ojú fèrèsé, ó tún ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lọ́nà. Mo ní, "Alága, ṣé ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún yàrá ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí ilé ìsìn tuntun bá ti parí, inú yàrá yìí ni wọ́n á máa kó àga sí.

Yàrá mi! Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń rán kúbùsù alábùlẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Inú ẹ̀ ni mo ti rán Nóà pẹ̀lú ẹranko méjì-méjì. Inú ẹ̀ ni mo ti rán Jónà tó wà nínú ẹja, tí àwọn àlejò ń dúró síwájú ẹ̀ ya fọ́tò. Ta ló tún lè ṣe é? Tó bá wà, kó jáde.

Mo gba ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ lọ. Ó ní òun ò lè pa ìgbìmọ̀ lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ nínú ilé tuntun ṣófo. "Bàbá Oníkúbùsù, ẹ rán nǹkan tí gbogbo ìjọ á fojú rí, látinú Bíbélì. Ká gbé e kọ́ lọ́jọ́ ìyàsímímọ́. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ á jókòó lórí ọ̀rọ̀ yàrá yín."

Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní. Ògiri náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pọ̀ jù fún mi. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹrin

Látàárọ̀ ni mo ti ń rìn yíká yàrá bí adìyẹ tó fẹ́ yé. Mo jókòó, mo dìde. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mi ò rí nǹkan gé, mo fi gé èékánná.

Nígbà tó di ọ̀sán ni ọgbọ́n dé. Ibi tí Ọba ti jókòó tó ń ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀, àgùntàn lọ́tùn-ún, ewúrẹ́ lósì. Ẹranko pọ̀ níbẹ̀, èmi sì ni mo mọ ẹranko í rán. Ibi tí ọgbọ́n náà ti wá mú ṣáṣá nìyí: kí ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ mú aṣọ kan wá tí wọ́n ti wọ̀ tàbí tí wọ́n ti lò. Ilé kan, ẹranko kan. Àkọ́kọ́, mi ò ní ra aṣọ. Èkejì, ta ni aṣọ ẹ̀ á wà lára ògiri Ọlọ́run, tí á tún nawọ́ sókè pé kí wọ́n lé ẹni tó rán an?

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ibi tí wọ́n ti ń rán bẹ́ẹ̀dì ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ilé ìwé nìkan ni ọpọlọ wà, kó wá wò mí.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Olówó-orí mi, ó dáa o. Ṣùgbọ́n…" Mo ní kò sí ṣùgbọ́n níbẹ̀.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án

Pásítọ̀ kéde ẹ̀. Inú ìjọ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé mi sọ́rùn. Alága nìkan ló ń wo aago.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kejìlá

Òjò láti àná. Aṣọ sì ń wọlé. Ẹnì kan mú kọ́tìnì wá, ẹlòmíì mú yúnifọ́ọ̀mù ọmọ tó ti di bàbá ọmọ. Nọ́ọ̀sì mú gáùn búlúù tó ṣókùnkùn tó fi ṣiṣẹ́ títí ó fi gbó. Alága fi kóòtù ránṣẹ́, àwọ̀ ilẹ̀, wúlù gidi, èyí tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ alága. Ó ní kí n lò ó dáadáa o.

Ìyá Díákónì, obìnrin tó jẹ́ díákónì ìjọ wa, gbé tiẹ̀ wá fúnra ẹ̀ nínú òjò. Ṣòkòtò dúdú ọkọ ẹ̀ tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Ó fọwọ́ pa orúnkún ṣòkòtò náà, ó sì lọ. Ẹ̀rù obìnrin yìí máa ń bà mí. Tó bá wúkọ́ nínú ìsìn, Pásítọ̀ gan-an á wo ìwé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Aṣọ ti pé. Ilé mọ́kànlélógójì. Mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo pín in. Èyí tó funfun tàbí tó mọ́lẹ̀, mẹ́tàlélógún. Èyí tó dúdú tàbí tó ṣókùnkùn, méjìdínlógún. Àgùntàn mẹ́tàlélógún, ewúrẹ́ méjìdínlógún. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹlòmíì ì bá pe ìpàdé.

Tọ́sìdeè, ogúnjọ́

Iṣẹ́ ń lọ, ọkàn mi ò balẹ̀. Òwú tí mo fi ń ki àárín kúbùsù ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Bẹ́líìtì maṣíìnì já lówùúrọ̀, mo fi awọ bàtà dè é, ó ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ewúrẹ́ mi dára! Mo gé ìwo láti ara kóòtù òjò àtijọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lórí, mo fi òwú ṣe irùngbọ̀n. Tí èèyàn bá wò wọ́n, á fẹ́ fún wọn léwé jẹ.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá. Ó dúró lórí ọ̀kan. "Ta nìyí?"

"Ewúrẹ́."

"Mo rí i pé ewúrẹ́ ni. Aṣọ ta ni?"

"Alága."

Ó gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀sì."

"Èyí tó dúdú jù yìí?"

"Ìyá Díákónì. Ti ọkọ ẹ̀."

Ó jókòó. "Tiwa wá ńkọ́?"

"Aṣọ tábìlì wa ni mo lò. Funfun ni."

"Àgùntàn nìyẹn."

"Kí ló tún yẹ kó jẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Mo ní àwọ̀ aṣọ ni mo wò, mi ò wo ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó ní, "Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n bá dé."

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Káfíńtà wá wọn igi tí a máa fi gbé e kọ́. Ojú ẹ̀ bá épírọ́ọ̀nù iṣẹ́ ẹ̀ tó ti mú wá lọ́jọ́sí. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bùọ̀dá, èyí tó hu irùngbọ̀n yìí, ṣé kì í ṣe épírọ́ọ̀nù mi?"

"Òun ni."

"Mo wá di ewúrẹ́?"

"Àwọ̀ ló fà á, àbúrò mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń ké "mẹ̀ẹ́ẹ̀, mẹ̀ẹ́ẹ̀" yí tábìlì mi ká. Ó ní kí n fi àwọn yòókù han òun. Mo fi hàn án, torí pé mo fẹ́ràn kí èèyàn máa wo iṣẹ́ mi. Àṣìṣe. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Kí èèyàn bẹ Káfíńtà pé kó má sọ̀rọ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bẹ àkùkọ pé kó má kọ.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ó sọ.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Alága kò jókòó. Ó tọ́ka sí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Kóòtù tí mo fi jẹ alága nìyẹn."

"Wúlù tó dáa ni, sà. Ewúrẹ́ tó lágbára jù nínú agbo nìyẹn."

"Ewúrẹ́ tó lágbára jù, ń lọ síbo?"

Gbogbo wa la mọ ibi tí Bíbélì ní àwọn ti ọwọ́ òsì ń lọ.

"Bàbá Oníkúbùsù, ẹ mọ̀ pé ìgbìmọ̀ á jókòó." Ó lọ.

Ìwo bíi méjì péré, àbí yàrá ọdún mọ́kàndínlógún? Mo mú bíléèdì. Mo tú ìwo, mo tú irùngbọ̀n, mo rán òwú ní bíríkítí-bíríkítí sára ẹ̀ bí irun àgùntàn, mo ṣí i lọ sí apá ọ̀tún. Mo wọ́n omi gbígbóná sí ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọ́kọ́ wọ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ihò pa mọ́. Mo gbé e sábẹ́ gílóòbù, mo wò ó títí, mi ò rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ọwọ́ tó bá mọ iṣẹ́ mọ bó ṣe ń nu ipasẹ̀ ara ẹ̀ nù.

Ó ku mẹ́tàdínlógún.

Fúráìdè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti gbọ́ pé Alága ti kúrò lósì. Ilẹ̀kùn mi ò sinmi. Wọ́n á ní àwọn kàn ya kí mi ni, ojú wọn á máa wá aṣọ wọn kiri.

Nọ́ọ̀sì ní òun ti nu ìdí ìdajì ìjọ yìí nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn, ṣé iṣẹ́ ewúrẹ́ nìyẹn? Mo tú u. Tíṣà àgbà ní òun ò bínú o, òun kàn fẹ́ kí n ro ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì á sọ. Mo tú u. Ọkùnrin kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ odindi ìdì kan wá, kò sọ ohun tó tìtorí ẹ̀ wá, mo tú tiẹ̀ náà. Káfíńtà tó ń ké mẹ̀ẹ́ẹ̀ wá tòun ti fìlà lọ́wọ́. "Bùọ̀dá, kì í ṣèmi o. Ìyàwó mi ló ní òun ò fẹ́ ewúrẹ́ lọ́kọ."

Tú, lọ̀, rán. Tú, lọ̀, rán. Ìka àárín mi ti wú. Iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́sẹ̀ kan ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta bà jẹ́.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kẹfà oṣù tuntun

Pásítọ̀ wọlé. Ó wò ó láti ọ̀tún dé òsì, ó tún wò ó padà.

"Ewúrẹ́ dà?"

"Ọ̀kan ló kù, sà."

"Bàbá, ṣé ìdájọ́ ti parí tí a ò gbọ́?"

Mo ní àwọn èèyàn ni wọn ò fẹ́. Ó ní, "Ṣé ìgbà kan wà tí wọ́n fẹ́? Mo ní kí ẹ rán ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ohun tí a máa ń sọ nípa ara wa lẹ rán yìí." Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo. Ó ní òun ò lè gbé e kọ́ bó ṣe wà yẹn.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Àgùntàn ogójì fún mọ́ra lọ́tùn-ún bí ìgbà tí wọ́n ń wá ibi sá òjò. Apá òsì ṣófo bí ẹnu àgbà tí eyín ti ká.

Fúráìdè, ọjọ́ keje

Mi ò lè jẹun. Mo rán ẹsẹ̀ Ọba sódì, mo tú u. Mo jáde lọ sójú títì, mi ò rántí ohun tí mo wá ṣe, mo padà.

Ewúrẹ́ tó kù, ti Ìyá Díákónì ni. Kò tíì wá. Bóyá kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un. Tó bá lọ rí i fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, ìwúkọ́ kan ṣoṣo, yàrá lọ.

Mo ti rí ọ̀nà. Mo ra aṣọ dúdú tuntun lọ́jà, ti ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí. Mà á gé ewúrẹ́ tí kì í ṣe ti ilé kankan. Pásítọ̀ á rí ewúrẹ́, ìjọ ò ní rí ara wọn. Lọ́la mà á tú ìwo ọkọ Ìyá Díákónì, ọ̀rọ̀ parí. Ṣé ẹ rí mi?

Sátidé, ọjọ́ kẹjọ

Bíléèdì wà lọ́wọ́ mi, ìwo kan ti ń mì, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá Díákónì lẹ́yìn mi.

"Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀."

Mo fò dìde, mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, àṣìṣe ni, mo ti ń sọ ọ́ di àgùntàn báyìí, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ṣewúrẹ́ rí. Ó ní kí n dìde, pé mo ń gbé òwú mì. Ó jókòó sórí àpótí òwú.

"Ọdún mọ́kàndínlógójì," ó ní, "kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Á sìn mí dé ẹnu géètì, á jókòó sórí òkúta, á máa mu sìgá ẹ̀ títí a ó fi ṣe tán. Á wá gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, á bá mi gbé e délé, torí pé ó wúwo. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo gbààwẹ̀. Mo bá a jà. Á ní, 'Ìyá, inú ilé yẹn ti kún fún èèyàn dáadáa, kí n má lọ bà á jẹ́.' Bó ṣe kú nìyẹn."

Mo gbé bíléèdì sílẹ̀ sórí tábìlì.

"Ewúrẹ́ ni. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ẹ fẹ́ wá parọ́ fún mi lójú Ọlọ́run? Ẹ fi í sósì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wọlé. Kí n máa rí i látorí àga mi, kí n máa bá a bẹ Ọba tó wà láàárín yẹn."

Ó nawọ́, ó tẹ ìwo tó ń mì náà mọ́lẹ̀. Ó wá wo apá ọ̀tún. Mo rí i tó ń ka àgùntàn pẹ̀lú ìka. Ó kà á tán, ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí.

"Òun nìkan ló wá kù? Ìjọ wa yìí?"

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án

Mi ò lè gbé aṣọ dúdú tí mo rà yẹn sójú maṣíìnì. Mo gbé e, mo sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo ní kí ìyàwó mi ka ibẹ̀ fún mi látòkè dé ìsàlẹ̀, torí tó bá jẹ́ èmi ni mà á kà á, ilẹ̀ á ṣú. Ó kà á. Ẹni ọ̀tún béèrè pé ìgbà wo làwọn bọ́ Ọba. Ẹni òsì béèrè pé ìgbà wo làwọn ò bọ́ ọ. Mo ní kó tún un kà. Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ yìí, mi ò gbọ́ ọ rí: ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi í. Àtọ̀tún àtòsì, kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi pa ìwé dé. Ó wo àgùntàn wa, èyí tó funfun jù lọ, tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ Ọba gan-an. Ó ní, "Fún un ní ìwo."

Mo jà. Mo ní èmi ni mo rán gbogbo ẹ̀, ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi… Ó ní, "Ta ló kó wọn sósì láìbi wọ́n?"

Mo fún un ní ìwo.

Túsìdeè, ọjọ́ kọkànlá

Ewúrẹ́ funfun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ dúdú. Mo ṣe irùngbọ̀n ẹ̀ bíi tèmi, pẹ̀lú ewú tó wà lápá kan. Bí mo bá tiẹ̀ máa jẹ́ ewúrẹ́, èmi ni mà á rẹwà jù.

Pásítọ̀ wò ó. "Méjì?"

"Méjì, sà. Àwọn méjèèjì mọ ara wọn."

Ó wo ewúrẹ́ funfun náà, ó wo irùngbọ̀n mi. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Fúráìdè, ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú aṣọ, òwú láàárín, aṣọ ẹ̀yìn: mo ń so wọ́n pọ̀. Ooru. Ìyàwó mi ń ti abẹ́rẹ́ wọlé, èmi ń fà á jáde, torí ìka mi ò gbọ́ mọ́. A ò jà lónìí.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A gbé e kọ́ nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Káfíńtà lórí àkàbà ń sọ pé Ọba tẹ̀ sápá kan, mo ní orí ẹ̀ ló tẹ̀. A fi aṣọ funfun bò ó.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n fa aṣọ funfun sílẹ̀, gbogbo ìjọ pariwo. Ilé tuntun mì. Mo ti ń tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe kí wọ́n lè pè mí síwájú.

Pásítọ̀ ń wàásù lọ́wọ́ nígbà tí oòrùn gba àwọn fèrèsé gíga yẹn wọlé. Inú yàrá mi, gílóòbù ló wà níbẹ̀, òkè ló ti ń tàn sí nǹkan. Oòrùn yìí gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, ó ń fi ojú wá gbogbo ihò abẹ́rẹ́. Mo kọ́kọ́ rí i lára kóòtù Alága. Ìlà méjì lórí àgùntàn náà, bí ipa ẹsẹ̀ èèrà, ó ká sẹ́yìn bí ìwo ṣe ká. Ìlà mìíràn lábẹ́ àgbọ̀n. Mo wo ti nọ́ọ̀sì. Mo wo ti Tíṣà. Àwọn mẹ́tàdínlógún, ìwo gbogbo wọn ti hù padà.

Mo ní bóyá èmi nìkan ni mo rí i. Èjìká Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọmọdé kan nàka. Ariwo kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba àga dé àga. Alága wà níwájú, abẹ́ àgùntàn ara ẹ̀ gan-an ló jókòó sí. Ọrùn ẹ̀ le gbagidi.

Ìyá Díákónì ò wo ẹlòmíì. Gíláàsì ojú ẹ̀ kọjú sí apá òsì, ẹnu ẹ̀ ń gbàdúrà.

Wọn ò pè mí síwájú.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti ń di òwú sínú páálí nígbà tí Alága dé. Ọ̀nà ìpàdé ìgbìmọ̀ ló ń lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò wò mí.

"Àwọn ihò yẹn, ṣé wọn ò lè pa mọ́?"

"Wúlù kì í gbàgbé abẹ́rẹ́, sà."

Ó wá ibi jókòó. Ó kéré sí mi lójú nígbà tó jókòó yẹn. Ó ní, "Ọmọ-ọmọ mi bi mí lọ́nà ilé. Ó ní, 'Bàbá àgbà, ta ló yọ ìwo yín?' Mo ní kó dákẹ́. Ó ní, 'Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni?' " Ó nu ojú. "Mi ò rí èsì fún ọmọ ọdún mẹ́fà."

Mo gbé páálí òwú kúrò níwájú ẹ̀.

"Ẹ dá a padà."

"Kí ni, sà?"

"Ìwo mi. Ó sàn kí n ní ìwo ju kí gbogbo ayé máa rí ibi tí mo ti yọ ọ́. Ìgbà wo lẹ máa ṣe é tán?"

Ìdajì wákàtí ni. Kódà tí mo bá dijú. Mo wo àjà, mo fọwọ́ pa ìka mi tó wú, mo mí kanlẹ̀.

"Háà, Alága. Ìwo kì í ṣe nǹkan kékeré o. Tí mo bá ṣe tiyín, àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù náà á fẹ́ tiwọn. Iṣẹ́ ọdún kan ni. Ó sì gba tábìlì gígùn, ó gba àyè…"

Ó wò mí títí. Kì í ṣe òmùgọ̀, èmi náà kì í ṣe òmùgọ̀.

"Ọdún kan," ó ní.

"Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

Ó dìde. Ó ní, "Ẹ tú páálí yín. Mà á wá ibi tí wọ́n á máa kó àga sí." Ó bọ́ sí ìta, mo gbọ́ tó ń kùn pé ewúrẹ́ ni mí lóòótọ́.

Mi ò tíì to òwú tán nígbà tí nọ́ọ̀sì kanlẹ̀kùn. Ó ní òun kàn ya kí mi ni. Mo gbé àga fún un, mo ní kó jókòó, kó fara balẹ̀ sọ bó ṣe fẹ́ tiẹ̀: ṣé kó ká sẹ́yìn ni, àbí kó dúró ṣánṣán.